Báwo Ni Wọ́n Ṣe Mọ̀? Àgbéyẹ̀wò Ọ̀nà Tí Sáíkọ́lọ́jì Ń Gbà Wádìí Ọkàn Ẹ̀dá

"Ìwádìí fi hàn pé…" Gbólóhùn yìí kò ṣàjèjì mọ́ lórí rédíò, nínú ìwé ìròyìn, àti lórí pẹpẹ ìwàásù pàápàá. Ìwádìí fi hàn pé ọmọ tó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n jù yóò ya ìpátá. Ìwádìí fi hàn pé obìnrin ń sọ̀rọ̀ ju ọkùnrin lọ. Ẹni tó gbọ́ ọ á mi orí, bó bá sì délé, á tún un sọ fún ẹlòmíì. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè pé: báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Ta ni wọ́n bi léèrè, ibo ni wọ́n ti bá a, kí sì ni wọ́n fi ohun tí wọ́n rí wé? Lójú tèmi, ìbéèrè wọ̀nyí ló ya ìmọ̀ kúrò lára àhesọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó yẹ kóun gbà gbọ́ nínú sáíkọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá, ọ̀nà tí wọ́n gbà wádìí ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó tó kan àbájáde.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Dókítà lè gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn kó yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gba ìbẹ̀rù tàbí ìrántí sínú ìgò. Nígbà tí Wilhelm Wundt dá yàrá ìwádìí rẹ̀ sílẹ̀ ní Leipzig, nílẹ̀ Jámánì, lọ́dún 1879, ohun tí òun àtàwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń ṣe ni pé kí èèyàn gbọ́ ìró kan tàbí kó rí ìmọ́lẹ̀ kan, kó fèsì, kó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Wọ́n ń fi aago wọn bí èsì náà ṣe yá sí. Ti aago kò níṣòro. Ti ẹnu ni kò ṣeé gbára lé tán, torí pé ohun tí ẹnì kan ní òun rí nínú ara òun, kò sí bí ẹlòmíì ṣe máa yọjú síbẹ̀ wò ó.

Ẹni tó ń wádìí gan-an tún lè ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́ láìmọ̀. Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù lórí èyí ni ti ẹṣin kan tó wà nílùú Berlin, tí wọ́n ń pè ní Hans. Olówó rẹ̀, Wilhelm von Osten, jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì fi sùúrù kọ́ ẹṣin náà ní ìṣirò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n bá bi í pé mẹ́ta àti márùn-ún jẹ́ mélòó, á fi pátákò kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ, á sì dáwọ́ dúró. Ẹlẹ́tàn kọ́ ni bàbá yìí o. Kì í gba owó lọ́wọ́ òǹwòran, òun fúnra rẹ̀ sì gbà pé ẹṣin òun lọ́gbọ́n. Olùwádìí kan, Oskar Pfungst, ló wá tú u wò fínnífínní, tó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1907. Ó jẹ́ kí ẹni tí kò mọ ìdáhùn bi ẹṣin náà ní ìbéèrè. Ó tún ṣe é tí ẹṣin kò fi ní lè rí ojú ẹni tó ń bi í. Nígbà méjèèjì, Hans kò mọ nǹkan kan mọ́. Àṣé ara àwọn olùbéèrè ló ń kà. Bó bá ti kan pátákò dé iye tó tọ́, orí wọn á sún díẹ̀, ara wọn á rọ̀, àwọn alára kò sì mọ̀ pé àwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1963, Robert Rosenthal àti ẹnìkejì rẹ̀ kó eku fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n sọ fún apá kan pé eku tiwọn gbọ́n, wọ́n sọ fún apá kejì pé tiwọn gọ̀. Irú eku kan náà ni gbogbo wọn. Síbẹ̀, àwọn eku tí wọ́n pè ní ọlọ́gbọ́n ló yára mọ ọ̀nà tí wọ́n ní kí wọ́n gbà jù. Bí ìrètí èèyàn bá lè yí iṣẹ́ eku padà, mélòómélòó wá ni ọmọ tó jókòó níwájú tíṣà. Ìdí nìyí tí ìwádìí oògùn tó múná dóko kì í fi í jẹ́ kí ẹni tó ń gba àkọsílẹ̀ mọ ẹni tó gba oògùn gidi àti ẹni tó gba ayédèrú.

Bí ìrètí olùwádìí ṣe lè ṣì í lọ́nà, bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tó dúró sí. Lọ́dún 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan tí J. C. Carothers kọ. Dókítà òyìnbó ni, òun ló sì ṣe olórí ilé ìwòsàn ọpọlọ Mathari nílùú Nairobi. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàárín àwa ọmọ Áfíríkà, ó sì sọ̀rọ̀ nípa ọpọlọ wa bí ẹni pé ó ṣẹ́kù díẹ̀ kó dàgbà tán. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bí mi nínú títí dòní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbínú ló bì í ṣubú, ìbéèrè kan ni: ta ni ọkùnrin yìí kà? Àwọn tí wọ́n gbé wá sílé ìwòsàn ló kà. Láyé ìgbà yẹn, ta sì ni wọ́n ń gbé lọ sílé ìwòsàn ọpọlọ? Ẹni tó fa aṣọ ya lójú ọjà ni, ẹni tó ń sọ òkò lu èèyàn, ẹni tí ọlọ́pàá mú. Ìyá tó dojú kọ ògiri láti àárọ̀ dalẹ́, tí oúnjẹ ò wù ú jẹ, tí oorun dá lójú rẹ̀ tó ń sunkún lóru, kò sẹ́ni tó máa gbé òun lọ síbẹ̀. Inú yàrá rẹ̀ ló máa wà, tàbí lọ́dọ̀ oníṣègùn, tàbí nílé àdúrà. Orúkọ rẹ̀ kò lè sí nínú ìwé Carothers.

Èsì tó yẹ kí wọ́n fún un wá láti Abẹ́òkúta. Thomas Adéoyè Lambo, tó jẹ́ olórí ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro, ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1954 sí í fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, pẹ̀lú ìbátan wọn kan tó ń tọ́jú wọn. Ó ti mọ̀ pé ohun tí èèyàn máa rí lójúde ilé yàtọ̀ sí èyí tó máa rí nínú wọ́ọ̀dù. Lọ́dún 1961, òun àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell kó àwọn olùwádìí jọ, wọ́n sì wọ àwọn abúlé ẹ̀bá Abẹ́òkúta àti àwọn àdúgbò kan láàárín ìlú. Ilé ni wọ́n ti bá àwọn èèyàn. Wọ́n bi wọ́n nípa oorun, oúnjẹ, àyà tó ń já, ìrònú tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ lọ sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa àìsàn ọkàn tí wọ́n mọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ohun tí wọ́n rí wé ti Stirling County ní Kánádà, níbi tí Leighton ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwé wọn jáde lọ́dún 1963. Àwọn àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí Carothers ní ó ṣọ̀wọ́n lára wa, wọ́n bá a láàárín àwọn tó ń lọ sóko tí wọ́n ń ná ọjà, tí ẹsẹ̀ wọn kò tẹ ilé ìwòsàn rí. Ẹni tí Carothers kò kà ni Lambo lọ bá nílé.

Ohun tí àwọn olùwádìí ń pè ní yíyan àwọn tí ìwádìí máa kàn nìyí, òun sì ni mo rò pé àwọn òǹkàwé máa ń fojú fò jù. Bí ìlú bá ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún èèyàn, kò pọn dandan kí wọ́n bi gbogbo wọn. Wọ́n lè bi ẹgbẹ̀rún kan, bí wọ́n bá ṣẹ́ kèké yàn wọ́n, tí ẹnikẹ́ni nínú ìlú fi ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sínú rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan tí wọ́n fi kèké yàn sàn ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún tó fúnra wọn dáhùn lórí fóònù, torí pé ẹni tó ní dátà, tó mọ̀wé, tí ọ̀rọ̀ náà sì dùn mọ́ nìkan ló máa dáhùn.

Lẹ́yìn ẹni tí a máa bi, ó kan bí a ṣe máa bi í. Olùwádìí tó bá wọ agbo ilé kan ní ìlú Ìséyìn tó ní, "Màmá, ṣé inú yín máa ń dùn?" á gbọ́ "A dúpẹ́." Ìdáhùn yẹn kò sọ nǹkan kan fún un nípa ọkàn ìyá náà. Bó ṣe yẹ kéèyàn dá àlejò lóhùn ni màmá dá a lóhùn. Bí ọkọ bá jókòó sítòsí, ìdáhùn lè tún yí padà. Bí wọ́n bá rò pé ìjọba ló rán olùwádìí wá pín owó, ìṣòro á pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá rò pé agbowó orí ni, ọrọ̀ wọn á dínkù. Ọlọ́gbọ́n kì í bi ìbéèrè gbọọrọ bẹ́ẹ̀. Á béèrè pé: lọ́sẹ̀ tó kọjá, òru mélòó lẹ ò rí oorun sùn? Peter Ebigbo ṣe ohun tó jọ èyí ní Enugu. Dípò kó kàn ya ìwé ìbéèrè lọ́wọ́ òyìnbó, ohun tí àwọn aláìsàn fúnra wọn ń ráhùn sí ló kó jọ: ooru tó ń gbóná nínú orí, nǹkan tó ń rìn lára bí èèrà. Lọ́dún 1982 ló gbé ìwé ìbéèrè náà jáde. Ẹni tí ìbànújẹ́ mú tí kò jẹ́ sọ pé inú òun bàjẹ́ láé, á sọ pé orí ń gbóná òun, ìwé náà á sì ká a.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe ìdánwò ọpọlọ fún ọmọdé mọ̀. Láàárín àwọn Kpelle ní orílẹ̀-èdè Liberia ló ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí Michael Cole, Joseph Glick àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń wádìí bí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ṣe ń ronú. Wọ́n kó oúnjẹ, ohun èlò iṣẹ́ àti aṣọ sílẹ̀ níwájú wọn, wọ́n ní kí wọ́n pín in ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kí èyí tó bára mu wà pa pọ̀. Ohun tí ìwé àwọn olùwádìí kà sí ọgbọ́n ni kí oúnjẹ wà pẹ̀lú oúnjẹ, kí ohun èlò wà pẹ̀lú ohun èlò. Àwọn àgbẹ̀ náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi ti ohun tí wọ́n máa fi í gé, wọ́n ní bí ọlọ́gbọ́n ṣe máa ń tò ó nìyẹn. Nígbà tó sú àwọn olùwádìí, wọ́n béèrè pé, báwo ni òmùgọ̀ ṣe máa tò ó? Kíá ni wọ́n kó gbogbo oúnjẹ sápá kan, tí wọ́n kó gbogbo ohun èlò sápá kejì. Ohun tí wọ́n ní àwọn èèyàn yìí kò lè ṣe, wọ́n lè ṣe é. Wọ́n kàn kà á sí ìwà òmùgọ̀ ni. Bí kì í bá ṣe ìbéèrè ìkẹyìn yẹn, wọn ì bá ti kọ ọ́ sínú ìwé pé irú ìrònú bẹ́ẹ̀ kò sí lórí wọn, ìran tó ń bọ̀ ì bá sì máa kà á bí òótọ́.

Jẹ́ kí n wá bọ́ sórí ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù: kí nǹkan méjì máa rìn pọ̀ kò ní kó jẹ́ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Bí ọmọ tó ń lo fóònù púpọ̀ bá jẹ́ ẹni tí inú rẹ̀ kì í dùn, ó lè jẹ́ fóònù ló fa ìbànújẹ́, ó lè jẹ́ ìbànújẹ́ ló lé e sídìí fóònù, ó sì lè jẹ́ ìjà tí bàbá àti ìyá ń jà nínú ilé ló fa méjèèjì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Àpẹẹrẹ tó dára lórí èyí wà ní Ìbàdàn. Nínú àwọn ọdún 1990, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí Benjamin Ọ̀ṣúntókun àti Adésọlá Ògúnníyì wà lára wọn, dara pọ̀ mọ́ Hugh Hendrie àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Indianapolis, ní Amẹ́ríkà, láti wo bí àwọn arúgbó ṣe ń ṣarán. Àdúgbò Ìdíkàn ni wọ́n lò ní Ìbàdàn. Àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ni wọ́n fi wé wọn. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé púpọ̀ nínú àwọn bàbá àti ìyá Ìdíkàn kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ orí ni gbogbo ìwádìí náà dúró lé. Wọ́n wá ń fi àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tí gbogbo ìlú mọ̀ ṣírò rẹ̀: ẹ ti tó ọmọ ọdún mélòó nígbà tí tibí ṣẹlẹ̀? Ìṣòro kejì ni pé ìdánwò ìrántí tó bá ní kí èèyàn kọ̀wé tàbí kó kàwé yóò sọ aláìmọ̀wé di ẹni tó ń ṣarán. Nítorí náà, wọ́n lo ìbéèrè tí kò gba ìwé kíkà, wọ́n sì tún béèrè lọ́wọ́ ìbátan tó mọ arúgbó náà dáadáa bóyá ìyípadà ti bá a.

Wọn kò wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n máa lọ. Wọ́n padà lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n tún padà lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Èèyàn 2,459 ní Ìbàdàn àti 2,147 ní Indianapolis, gbogbo wọn ti lé ní ẹni ọdún 65 tàbí kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pé e. Lọ́dún 2001 ni àbájáde jáde: lọ́dọọdún, nínú ọgọ́rùn-ún, 1.35 ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán ní Ìbàdàn, nígbà tó jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Ìyàtọ̀ náà ju ìlọ́po méjì lọ. Ohun tó wú mi lórí ni pé wọn kò tìtorí ẹ̀ sáré sọ pé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tàbí àmàlà ló ń gba àwọn ará Ìdíkàn là. Oúnjẹ yàtọ̀ ní ìlú méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ ríru yàtọ̀, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀, ìgbé ayé yàtọ̀. Ìwádìí náà fi ìyàtọ̀ hàn, ó sì tọ́ka sí ibi tó yẹ kí wọ́n wá ìdí sí. Ẹni tó bá fi í ta àgbo lórí rédíò ti gbé e kọjá ibi tó dé.

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tó fa nǹkan, àyàfi ká dán an wò. Ká ní a fẹ́ mọ̀ bóyá orin ń dí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ bó bá ń kàwé. A ó kó ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́ jọ, a ó ṣẹ́ kèké pín wọn sí méjì, ìdajì á kàwé nínú orin, ìdajì á kà á níbi tó dákẹ́, ìdánwò kan náà ni gbogbo wọn á sì ṣe. Kèké yẹn ni gbogbo agbára ọ̀nà yìí. Òun ló ń fọ́n olórí pípé, ọ̀lẹ, ẹni tí ebi ń pa àti ọmọ olówó káàkiri apá méjèèjì láìṣojúsàájú, tó fi jẹ́ pé bí ìyàtọ̀ ńlá bá yọjú, orin la ó bi. Ibi tí ó kù sí ni pé yàrá ìwádìí kì í ṣe ayé. Àwọn ohun kan sì wà tí kò sí ẹni tó lè dán an wò: a ò lè ṣẹ́ kèké kí a fi mọ ọmọ tí a máa nà àti ọmọ tí a kò ní nà.

Àwọn kan ti kọjá ààlà. Lọ́dún 1920, John Watson àti Rosalie Rayner mú ọmọ jòjòló kan, wọ́n ń fi eku funfun hàn án, wọ́n sì ń fi òòlù lu irin lẹ́yìn rẹ̀ gbàgà títí ọmọ náà fi ń bẹ̀rù eku. Wọn kò mú ẹ̀rù náà kúrò lára rẹ̀ kó tó lọ. Lọ́dún 1961, Stanley Milgram ní Yunifásítì Yale sọ fún àwọn ọkùnrin pé ìwádìí nípa ìrántí ni. Ó ní kí wọ́n máa fi iná mànàmáná jẹ ẹnì kan níyà nígbàkigbà tó bá ṣì í, kí wọ́n sì máa fi kún un títí dé 450 volt. Iná kankan kò sí, ẹni náà ń díbọ́n ni. Nínú ogójì, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló tẹ̀ ẹ́ dópin. Ọ̀pọ̀ wọn ń làágùn, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ìwádìí náà kọ́ ayé ní nǹkan ńlá nípa ìgbọràn, ṣùgbọ́n àwọn tó padà ka àkọsílẹ̀ Milgram rí i pé àwọn kan nínú wọn ti fura. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí wọ́n fi ṣe ìwádìí ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó ń wọ̀, kó sì ní ẹ̀tọ́ láti jáde nígbà tó bá wù ú. Ní Nàìjíríà, ìlànà ìwà ọmọlúwàbí nínú ìwádìí ìlera ti wà láti ọdún 2007, ó sì béèrè pé kí ìgbìmọ̀ kan yẹ ìwádìí wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Kò yẹ ká tìtorí àṣedánwò fojú kéré wíwo èèyàn kan fínnífínní. Henry Molaison ni mo ní lọ́kàn, ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún nínú ọpọlọ lọ́dún 1953 nítorí wárápá, tí kò sì lè tọ́jú ìrántí tuntun mọ́. Brenda Milner, olùwádìí kan, ní kó máa ya ìràwọ̀ nígbà tó ń wo ọwọ́ rẹ̀ nínú dígí. Lójoojúmọ́ ni ọkùnrin náà ń sọ pé òun kò ṣe é rí. Lójoojúmọ́ sì ni ọwọ́ rẹ̀ ń mọ́ sí i. Ẹnì kan ṣoṣo yìí ló fi hàn pé ìrántí kì í ṣe oríṣi kan. Títí ó fi kú lọ́dún 2008, H.M. nìkan ni wọ́n ń kọ nínú ìwé, kí àṣírí rẹ̀ má bàa tú. Bákan náà ni Mary Ainsworth jókòó sílé àwọn ìyá 26 ní abúlé ẹ̀bá Kampala, ní Uganda, láàárín ọdún 1954 sí 1955, tó ń wo bí ọmọ ṣe ń wá ìyá rẹ̀ bó bá jáde. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ni kárí ayé lónìí nípa ìfẹ́ ọmọ sí ìyá, ibẹ̀ ló ti hù.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Sáíkọ́lọ́jì ti fi ojú ara rẹ̀ rí òwe yìí. Lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí tí Brian Nosek ṣáájú wọn tún ọgọ́rùn-ún ìwádìí ṣe, èyí tí wọ́n ti tẹ̀ jáde nínú àwọn ìwé ìmọ̀ tó lórúkọ. Nínú àkọ́kọ́, ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní òun rí nǹkan tó ju èèṣì lọ. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ìdá 36 péré ló tún rí i. Lára ohun tí àwọn kan rò pé ó fà á ni pé ọ̀pọ̀ ìwádìí ń lo èèyàn díẹ̀, àwọn olùwádìí kan sì ń yí ìṣirò kiri títí á fi fún wọn lóhun tí wọ́n ń fẹ́. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ń kọ ètò ìwádìí wọn sílẹ̀ ní gbangba kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má bàa yí ìbéèrè padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí ìdáhùn.

Jeffrey Arnett sì ti fi hàn lọ́dún 2008 pé nínú àwọn ìwé ìmọ̀ sáíkọ́lọ́jì ńlá mẹ́fà ní Amẹ́ríkà, ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n lò fún ìwádìí jẹ́ ará orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ibi tó jẹ́ pé ìdá 12 péré nínú èèyàn ayé ló ń gbé nígbà náà. A máa ń fi èyí bú òyìnbó, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n àwa náà ń kó ìwé ìbéèrè lọ sí kíláàsì ọgọ́rùn-ún ọmọ yunifásítì, a ó gbà á padà kí agogo tó lù, a ó sì kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé bí ọmọ Nàìjíríà ṣe ń ronú nìyí. Àgbẹ̀ tó wà ní Ṣakí, ọlọ́kadà Ìkòròdú, ìyá tó ń ta ẹja ní Makòko, kò sí wọn níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá tó dojú kọ ògiri kò ṣe sí nínú ìwé Carothers. Àwọn tó lọ sí Ìdíkàn fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti bá wọn nílé, kéèyàn bi wọ́n ní èdè wọn, kó padà wá lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Owó ńlá ló ń gbà, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ ọdún. Owó yẹn ló yẹ kí ìjọba àti yunifásítì wa máa wá, kí wọ́n sì dín iye ìwé ìbéèrè ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ń gba oyè kù.